Báwo ni a ṣe máa ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà pé àká ìwé ìròyìn wa fẹ́ yí padà?

Òṣìṣẹ́ Àká Ìròyìn, Tanke, Ìlọrin:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Tanke níhìn-ín ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń ya àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ ní àwòrán, ojú-ewé kan tẹ̀lé òmíràn, a ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ọ̀rọ̀ inú wọn, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sórí ayélujára kí ẹni tó bá ti san owó àsansílẹ̀ lè wá ohun tó ń fẹ́ nínú rẹ̀. Àká ìròyìn ni àwa ń pè é, nítorí bí àgbẹ̀ ṣe ń kó ọkà sínú àká kí ó lè máa bù nínú rẹ̀ nígbàkigbà ni àwa náà ṣe ń kó ìròyìn jọ. Àwọn oníbàárà wa kò pọ̀ tó ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun tó ni àká ìròyìn bíi Nexis tàbí Factiva, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà nínú wọn, àwọn agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú wọn.

Ní ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni a fẹ́ kó kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ bọ́ sórí tuntun, àyípadà tó sì máa bá a wá kò kéré. Àdírẹ́sì ìkànnì wa yóò yí padà, èyí tó túmọ̀ sí pé líǹkì tí ẹnikẹ́ni bá ti kọ sínú ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣí mọ́. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà wá ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn. A tún orúkọ ìpínlẹ̀ tó wà lára ìròyìn kọ̀ọ̀kan kọ, kí ó lè bá bí Nàìjíríà ṣe rí lónìí mu. Ìwé ìròyìn méjì yóò kúrò nínú àká pátápátá, nítorí pé àdéhùn tó wà láàárín àwa àti àwọn tó ni wọ́n ti parí, agbára wa kò sì ká iye tuntun tí wọ́n béèrè. Àwọn àwárí tí oníbàárà ti fi pamọ́, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ta wọ́n lólobó nígbà tí ìròyìn tuntun bá wọlé, kò ṣeé kó lọ sí ibi tuntun náà. Àfi kí oníkálukú tún tirẹ̀ ṣe.

Èmi ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí a fi ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí mo kọ ni pé inú wa dùn, pé àká ìròyìn wọn ti di ọ̀tun, pé ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì rọrùn láti lò. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ ìyókù. Lẹ́yìn náà ni a ṣí ẹ̀rọ tuntun fún díẹ̀ nínú wọn kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá kan tó ń kọ ìtàn nípa ọjà Lokoja pè mí lórí fóònù. Bí màmá yìí ṣe máa ń ṣe é ni pé yóò yan Kwara, yóò yan ọdún 1978, yóò wá tẹ Lokoja. Lọ́jọ́ náà, kò rí ẹyọ kan. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe tún un tẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lórí fóònù pẹ̀lú wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ẹ ní ó ti dára sí i. Níbo lẹ wá kó ìròyìn mi lọ?"

Ìròyìn wọn kò lọ síbì kankan. Abẹ́ Kogi ni a kó wọn sí, nítorí pé Kogi ni Lokoja wà lónìí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ lọ́kàn mi pé mo ti ṣẹ màmá yẹn.

Mo fẹ́ kọ lẹ́tà kejì báyìí, ìyẹn ni mo ṣe ń béèrè. Kí ló yẹ kí ó ṣáájú nínú rẹ̀? Ṣé kí n sọ nípa ìwé ìròyìn méjì tó ń lọ, àbí kí n dúró dé ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè? Ṣé ó tọ́ kí n máa ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó jẹ́ pé ìròyìn nìkan ló wá kà?

Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé, Òmù-Àrán:

Ẹ kú ìnira o. Mo dúpẹ́ pé ẹ kò fi bò. Oníbàárà ni mo jẹ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ni ohun tí mo máa pàdánù, ọjọ́ tí mo máa pàdánù rẹ̀, àti ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ lè wá sọ ti ìdùnnú yín lẹ́yìn náà. Lẹ́tà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "inú wa dùn", n kì í kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí mo ti rò pé ìpolówó ọjà ni. Bí ẹ bá fi ọjọ́ àti àdánù sí ìlà àkọ́kọ́, màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́yìn tábìlì tí a ti ń yá ìwé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan tí a ti ń ra àkójọ ìwé ìròyìn yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà láàárín òpin ọ̀sẹ̀. Nọ́ńbà IP ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí ayélujára, ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà. Nígbà tí wọ́n ń kó lọ, nọ́ńbà tiwa kò tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ Ajé ni mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkàwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìkẹyìn tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí wọn ti jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, gbogbo ojú ẹ̀rọ ló sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá san owó. Owó tí a ti san fún ọdún kan gbáko! Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà kí ẹnikẹ́ni tó dá ímeèlì mi lóhùn. Látìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀rọ padà ni pé, "Ṣé ẹ ní nọ́ńbà IP wa lọ́wọ́, ṣé ẹ sì ti dán an wò láti inú ilé-ẹ̀kọ́ wa?"

Ohun kejì ni àtòkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn kọ pé ìwé ìròyìn méjì ń lọ. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ìwé ìròyìn tó wà nínú àká, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ ní jáde àti ọjọ́ ti ìkẹyìn, kí ẹ sì sọ ibi tí àlàfo wà láàárín wọn. Bí ìwé ìròyìn kan bá ti ń jáde láti ọdún 1926 bíi Daily Times, tó sì jẹ́ pé láti ọdún 1960 ni tiyín ti bẹ̀rẹ̀, kí n mọ̀. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò NUC, àjọ tó ń ṣàbójútó yunifásítì, tàbí NCCE, ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, bá dé ilé-ẹ̀kọ́, irú àtòkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú ìwé, n kò sì fẹ́ dúró níwájú wọn kí n máa júwe ohun tí kò sí mọ́.

Ẹ tún ọjọ́ yín rò. Ìparí oṣù tí ẹ ń sọ yẹn lè bọ́ sí àsìkò ìdánwò tàbí àsìkò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀. Ẹ bi wá léèrè kí ẹ tó mú ọjọ́.

Ọmọ Ìgbómìnà, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìdí àmì ohùn ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, mo sì ti rí i pé ibẹ̀ ni oníbàárà Yorùbá ti máa ń bínú jù.

Ẹ wo orúkọ ìlú Ọ̀fà. Lẹ́tà tó ṣáájú nínú rẹ̀, lójú wa, ẹyọ kan ni. Nínú kọ̀ǹpútà, kò sí ẹyọ kan tó dúró fún ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lórí, àkópọ̀ ni. Foonu kan lè kọ ọ́ bíi ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, kí ó wá fi ohùn lé e lórí. Ẹ̀rọ mìíràn lè mú ò tó ti ní ohùn, kí ó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹta lè kó lẹ́tà o lásán, àmì ìsàlẹ̀ àti ohùn jọ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba lójú ènìyàn, ọ̀nà mẹ́ta sì ni wọ́n jẹ́ fún ẹ̀rọ tí a kò bá kọ́. Ìyẹn ló fà á tí ẹnì kan fi lè tẹ Ọ̀fà lórí fóònù rẹ̀ kí ó rí òfo, tí ẹnì kejì yóò tẹ ohun kan náà lórí kọ̀ǹpútà kí ó rí ogójì. Àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, Offa ni wọ́n máa ń kọ, pẹ̀lú f méjì.

Bí ẹ̀rọ tuntun yín bá ti ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, tó sì ń fojú fo àmì nígbà tí oníbàárà bá tẹ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i, àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti sọ apá kejì rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ oko láìsí àmì, oko àgbẹ̀ yóò wá, ọkọ ìyàwó yóò wá, ọkọ̀ ojú pópó yóò wá, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ yóò wá, ọ̀kọ̀ ológun náà yóò tẹ̀lé wọn. Iye èsì tí oníbàárà máa rí yóò fò sókè lójijì, yóò sì rò pé ẹ ti fi ìròyìn tuntun kún àká ni. Ẹ kò fi kún un. Ẹ̀rọ náà ló la ẹnu gbòòrò. Nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ wo àmì rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì sọ ibi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́ nínú lẹ́tà náà.

Lórí ìbéèrè yín nípa ṣíṣe àlàyé ẹ̀rọ, èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe é. Ẹ kò nílò láti sọ fún oníbàárà pé àkópọ̀ ni lẹ́tà. Ẹ sọ fún un pé: "Bí ẹ bá tẹ Ọ̀fà tàbí Ofa, ohun kan náà ni ẹ máa rí láti ọjọ́ báyìí lọ. Offa oní-f-méjì, ẹ ṣì ní láti wá a lọ́tọ̀." Ó tó.

Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé, Òmù-Àrán:

Àbúrò, mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyí tó kẹ́yìn yìí. Ẹni tó ń kàwé fún ìgbádùn kò nílò àlàyé, lóòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ sínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní ọdún tó kọjá pé òun rí ìròyìn mẹ́rìnlélógún lórí ọ̀rọ̀ kan, tí olùkọ́ rẹ̀ bá tún un wá lọ́dún yìí tó sì rí àádọ́rin, ó nílò rẹ̀. Wọn yóò ní ó parọ́. Ojú-ewé kan ṣoṣo tó sọ pé ní ọjọ́ báyìí ni ọ̀nà àwárí yí padà, pé báyìí ló ṣe rí tẹ́lẹ̀, pé báyìí ló ṣe rí nísinsìnyí, ló máa gba ọmọ náà sílẹ̀. Ẹ má fi sínú lẹ́tà bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó gùn, ṣùgbọ́n kí ó wà níbì kan tí a lè tọ́ka sí.

Akọ̀wé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, Ọ̀fà:

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ líǹkì ni tèmi.

Ní ọ́fíìsì wa, bí a bá tẹ ìròyìn kan jáde láti inú irú àká bẹ́ẹ̀ láti lò ó ní kóòtù, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ni ó ń darí wa, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ni ìwé náà ti jáde. A máa ń so ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn tó ń sọ ìwé tí í ṣe àti bí a ṣe rí i jáde. Àdírẹ́sì ìkànnì àti nọ́ńbà ìròyìn náà máa ń wà lára ohun tí a fi júwe rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ṣì wà ní kóòtù, tí ẹ wá yí àdírẹ́sì padà, agbẹjọ́rò ẹnì kejì lè ṣí líǹkì náà níwájú adájọ́ kí ó sì sọ pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ lè pẹ́ ju ọdún kan lọ fíìfíì.

Ẹ ṣe é kí líǹkì àtijọ́ máa darí ènìyàn lọ sí ìròyìn kan náà ní ibi tuntun. Kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ ìkànnì yín ni mo sọ o; ìròyìn yẹn gan-an ni. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe fún gbogbo rẹ̀, kí nọ́ńbà ìròyìn kọ̀ọ̀kan má yí padà, kí ẹni tó bá ní nọ́ńbà lọ́wọ́ lè fi wá a. Kí lẹ́tà yín sì sọ èyí tó máa ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, kí ó sì sọ títí di ìgbà wo.

Nípa ìwé ìròyìn méjì tó ń lọ, ẹ má dúró de ìbéèrè. Irú nǹkan báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí yín. Ní ọdún 2001, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tó wà láàárín New York Times àti àwọn òǹkọ̀wé kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, èyí tí orúkọ Jonathan Tasini ṣáájú nínú rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní, bí òǹkọ̀wé ṣe yọ̀ǹda kí a tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kò túmọ̀ sí pé ó yọ̀ǹda kí a kó o sínú àká kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àròkọ ni wọ́n yọ kúrò nínú irú àkójọ bíi tiyín, ẹni tí a kò sì sọ fún kò mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù nìyẹn. Oníbàárà yóò wá ọ̀rọ̀, kò ní rí i, yóò sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ kọ orúkọ ìwé ìròyìn méjèèjì, ẹ kọ pé àdéhùn ló parí, ẹ sì kọ ibi mìíràn tí ènìyàn ti lè rí wọn, ìbáà ṣe ilé ìkàwé tí bébà wọn wà.

Ẹ̀yin náà kò sọ ti owó. Bí ìwé ìròyìn méjì bá kúrò, ṣé iye tí a ń san yóò dín kù? Ẹ dáhùn rẹ̀ nínú lẹ́tà kí á tó bi yín.

Àgbà Akọ̀ròyìn, Ọjà-Ọba, Ìlọrin:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ màmá tó wá Lokoja tí kò rí i ló mú mi dá sí i.

Ẹni tó tún orúkọ ìpínlẹ̀ kọ yẹn rò pé òun ń tún nǹkan ṣe ni, ó sì ti da ìtàn rú láìmọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, West Central State ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó di Kwara. Ẹni tó bá ń wá Kwara nínú ìwé ìròyìn oṣù tó tẹ̀lé e kò ní rí ohun tó pọ̀. Ilẹ̀ Ígálà, Ìdá àti agbègbè rẹ̀, wà pẹ̀lú wa títí di ọdún 1976 tí wọ́n kó wọn sí Benue. Lókòjà, Kàbbà, Okene, Yàgbà, gbogbo wọn wà pẹ̀lú wa títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà ni Borgu lọ sí Niger. Akọ̀ròyìn tó kọ ìròyìn láti Lókòjà ní ọdún 1978, láti Kwara ló kọ ọ́. Gómìnà Kwara ló ń ṣàkóso ibẹ̀, Ìlọrin níbí sì ni olú-ìlú wọn. Bí ẹ bá wá kọ Kogi sára ìròyìn yẹn, ẹ ti fi aṣọ ọmọ wọ bàbá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìròyìn kọ̀ọ̀kan ní àmì méjì: ìpínlẹ̀ tí ibẹ̀ wà ní ọjọ́ tí ìròyìn jáde, àti ìpínlẹ̀ tó wà lónìí. Kí oníbàárà yan èyí tó bá wù ú. Bí ẹ kò bá lè ṣe é kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ẹ dá ti ìpínlẹ̀ yìí dúró ná, kí ẹ kó ìyókù lọ. Kò sí lẹ́tà tó lè ṣàlàyé àṣìṣe kí ó wá di ohun tó tọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ọmọ Ìgbómìnà kò mẹ́nu kàn ni ti àkọtọ́. Ẹ̀rọ lè fojú fo àmì ohùn, kò lè fojú fo àkọtọ́ tó ti yí padà. Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, ìròhìn ni wọ́n ń kọ. Ìròyìn ni àwa ń kọ lónìí. Aiye ni ayé, enia ni ènìyàn, Oshogbo ni Òṣogbo. Bí ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ bá wà nínú àká yín, ẹ fi àpẹẹrẹ méjì tàbí mẹ́ta sínú lẹ́tà náà kí ènìyàn mọ̀ pé òun ní láti wá ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà méjì.

Kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ ìtumọ̀ èkejì. Ẹ kọ ti Yorùbá bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbàlagbà inú wọn, ẹ pè wọ́n lórí fóònù.

Òṣìṣẹ́ Àká Ìròyìn, Tanke, Ìlọrin:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá ọ̀gá mi jókòó. A ti dá ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ dúró. Orúkọ tó wà lára ìròyìn tẹ́lẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀ títí a ó fi lè ṣe àmì méjì tí bàbá sọ. A ti sún ọjọ́ náà síwájú di ẹ̀yìn ìdánwò. Líǹkì àtijọ́ yóò máa darí ènìyàn fún ọdún méjì, nọ́ńbà ìròyìn kò sì ní yí padà rárá. Nípa owó, ọ̀gá mi ti gbà pé ẹni tí owó rẹ̀ ṣì ní oṣù nílẹ̀, a ó fi oṣù kan lé e fún un nítorí ìwé ìròyìn méjì tó lọ. Ẹ wo ibi tí mo kọ lẹ́tà dé:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa, a kí yín. Ìwé ìròyìn méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ yìí kò ní sí nínú àká ìròyìn mọ́ nígbà tí a bá kó bọ́ sórí ẹ̀rọ tuntun, nítorí pé àdéhùn àwa àti àwọn tó ni wọ́n ti parí. Bí ẹ bá ní ìròyìn kan tí ẹ ń lò nínú wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í pamọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn àwárí tí ẹ ti fi pamọ́ kò ní tẹ̀lé wa. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ báyìí, kí ẹ sì tún wọn ṣe ní ibi tuntun. Bí ó bá ni yín lára, ẹ pè wá, àwa yóò bá yín ṣe é.

"Bí ẹ bá tẹ Ọ̀fà tàbí Ofa, ohun kan náà ni ẹ máa rí. Ẹ lè rí èsì tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; kò túmọ̀ sí pé ìròyìn ti pọ̀ sí i nínú àká, ẹ̀rọ ló ń fojú fo àmì ohùn. Bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ nìkan láìsí ọkọ àti oko, ẹ tẹ àpótí tó wà lábẹ́ ibi ìwárí kí ẹ tó wá a. Líǹkì àtijọ́ yín yóò ṣì máa ṣí fún ọdún méjì. Nínú lẹ́tà tí a kọ ṣáájú, a kò sọ gbogbo èyí fún yín, ó sì yẹ kí á ti sọ ọ́. Ẹ má bínú."

Ṣé ohun kan kù?

Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé, Òmù-Àrán:

Ó kù díẹ̀. Ẹ kò kọ ọjọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ gan-an, ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ máa ti ọ́fíìsì kí á tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dára jù, kí ọjọ́ mẹ́ta wà níwájú yín tí ẹnì kan á fi wà nídìí fóònù. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù tí ènìyàn máa gbé sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ẹ tún kọ̀wé sí àwa ilé ìkàwé lọ́tọ̀ nítorí nọ́ńbà IP. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti gbogbo ènìyàn.

Òṣìṣẹ́ Àká Ìròyìn, Tanke, Ìlọrin:

Mo ti fi sí i, màmá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo pe màmá tó ń kọ ìtàn ọjà Lokoja ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo ní kí wọ́n tún un wá. Wọ́n yan Kwara, wọ́n yan 1978, wọ́n tẹ Lokoja. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọlé rẹ̀ sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan.